Ìtàdógún Inú Ara Ọkùnrin

Fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, nọ́ńbà kan kò jẹ́ kí n gbádùn. 74 ni. Obìnrin kan ní láàbù ni ó fi báírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn èsì àyẹ̀wò mi, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n máa kà á lọ sílé. Mo kà á. Mo kà á nínú Micra tí mo wọ̀ láti Mọ́kọ́lá, mo kà á nínú ìsìn nígbà tí àwọn tó kù ń kọrin, mo jí lóru, mo tún ń kà á.

Àtọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwa ọkùnrin máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo rí i pé ohun tí n kò mọ̀ nípa ara mi pọ̀, àti pé ẹlòmíràn ni ó ti ń san gbèsè àìmọ̀ náà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

"Ibà oṣù keje ńkọ́?"

Ìyàwó mi ní fáìlì kan tí etí rẹ̀ ti ń ya. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí i lára láti ìgbà tí a ti ń wá ọmọ ni ó wà níbẹ̀: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, sikáànù, fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n fi oògùn sí i nínú láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ilé ọmọ là. Èmi kò ní ìwé kankan nínú fáìlì yẹn. Bí àwọn ìyá ìjọ bá fẹ́ gbàdúrà, òun nìkan ni wọ́n ń pè sí kọ̀rọ̀. Bí àwọn ẹbí mi bá ní kí ni ìyàwó wa ń wí o, mo máa ń dákẹ́. Mo ń jẹun, mo ń ṣiṣẹ́, ara mi le. Kò sí ẹni tí ó ní kí n lọ wo ara mi, mo sì ti sọ ìyẹn di ẹ̀rí pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí.

Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni mo tó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, lẹ́yìn tí dókítà ti bi mí títí. Èsì jáde: mílíọ̀nù mẹ́rin nínú mílílítà kan. Mílíọ̀nù 16 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Mo wo ìwé náà, etí mi di. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni bí n ó ṣe fi pamọ́.

Obìnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà kò jẹ́ kí n dìde. Ó wo ìwé, ó tún wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, ṣé ara yín ò yá láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn?" Mo ní rárá. N kò parọ́, ohun tí mo rò nìyẹn. Ìyàwó mi tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti òwúrọ̀, ni ó là á: "Ibà oṣù keje ńkọ́?"

Mo ti gbàgbé ibà náà pátápátá. Òun kò gbàgbé, nítorí òun ni ó ń fi aṣọ tútù nù mí lára lóru. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ni ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ó tó fi mí sílẹ̀. Ìyàwó mi ń sọ ọjọ́ wọ̀nyí láìwo fóònù, mo sì ń wò ó bí ẹni tí ó ń ka ìwé tí èmi ni mo yẹ kí n kọ.

Obìnrin náà fa ìlà gbọọrọ kan sórí ẹ̀yìn ìwé. Ó kọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ sí apá kan, ó kọ ọjọ́ òní sí apá kejì, ó ní ọjọ́ 42 ni ó wà láàárín wọn. Ó wá ní, "Ohun tí ẹ gbé wá lónìí yìí, òní kọ́ ni ara yín ṣe é. Nígbà tí ibà ń jó yín, àárín ọ̀nà ni ó wà." Ibẹ̀ ni ó ti kọ 74, iye ọjọ́ tí ara fi ń ṣe àtọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ọjọ́ mẹ́wàá kún un, ó kà á láti ọjọ́ tí ibà fi mí sílẹ̀, ó ní kí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá kọjá kí n tó padà wá.

Ọ̀nà tí a kò rí

Èmi ti rò pé bí itọ́ ni àtọ̀ rí: bí ẹnu bá gbẹ, ara á pọn òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Inú kóró ẹpọ̀n kún fún àwọn ihò gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí òwú tí a ká jọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá, tí àtọ̀ ń ti ara wọn wá, jókòó sí ara ògiri ihò wọ̀nyí. Lára ènìyàn àti lára ọ̀bọ, oríṣi méjì ni wọ́n. Ọ̀kan, àárín rẹ̀ ṣú. Ìkejì, àárín rẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó mọ́ ni ó ń pín déédéé. Èyí tó ṣú máa ń sinmi ní tirẹ̀, bí ẹ̀bù tí àgbẹ̀ tọ́jú de ọdún tí òjò bá kọ̀.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti gbéra lára ògiri, àárín ihò ni ó ń lọ, díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń pín ní ìlọ́po. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le jù: ó gbọ́dọ̀ pín krómósómù 46, àwọn okùn tó gbé àbùdá tí a jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wa, sí 23, kí àyè lè kù fún ti obìnrin. Ìpele yìí nìkan lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí kò pín mọ́. Ó ń yí ara padà ni: ó ń ká DNA rẹ̀, èròjà tí a kọ àbùdá wa sí, mọ́ orí kékeré kan, ó ń yọ ìrù, ó ń ju ẹrù tí kò nílò mọ́ nù. Ó tún lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí èyí. Bí ó sì ti jáde nínú ihò náà, kò tíì lè lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀nà mìíràn tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ wà lẹ́yìn kóró ẹpọ̀n tí yóò gbà kọjá fún ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́n. Èyí ni ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin láàbù fi kún un, kí ó má baà kù díẹ̀ káàtó.

Ìdí tí Ọlọ́run fi gbé ẹpọ̀n síta ni pé iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ooru. Ó fẹ́ kí ibẹ̀ fi bíi ìwọ̀n Celsius méjì tutù ju inú ara lọ. Bí ibà bá wá gbóná mọ́ ọkùnrin fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó wà lẹ́nu pípín sí ìdajì àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pín tán ni ó máa ń pa jù. Sẹ́ẹ̀lì ìyá kì í sábà kú. Èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà náà lè bọ́. Nítorí náà, ọkùnrin tí ibà ń ṣe lè ní àtọ̀ tó pọ̀ lọ́jọ́ àìsàn rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí oṣù kan àbọ̀, tí ó ti ń jẹ àmàlà, tí ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí ó ti gbàgbé, ni òfìfo náà tó dé ojútáyé.

Mo dúró lórí èyí púpọ̀ nítorí pé níbi tí a ń gbé, ibà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń kọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ń ṣe wá lọ́dún? A óò ra oògùn ní kẹ́míìsì, a óò lò ó, ó tán. Mélòó nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti gba èsì bíi tèmi ni kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn?

Ọjà Ọjẹ́

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Màmá Ọjẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Aṣọ òfì ni ó ń tà ní ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ó ti bá mi rí bàbá kan tó ń ta agbo, tó ní ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ni n ó fi mu ún, gbogbo rẹ̀ á yanjú. N kò kórìíra agbo, òun ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti ka 74 títí mo fi mọ̀ pé ohunkóhun tí mo bá mu lónìí, yálà nínú ìgò tàbí nínú páálí, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí ni ó lè bá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí yóò jáde lọ́jọ́ kọkànlélógún ti rìn jìnnà kí n tó ṣí ìdérí ìgò.

Mo jókòó ti Màmá, mo ṣàlàyé. Mo ní àwọn onímọ̀ rí i pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ojú kan lára ihò náà ń rán àwọn tuntun jáde. Àwọn kan á gbéra lónìí, ibẹ̀ á dákẹ́, ó di ọjọ́ 16 sí i kí àwọn mìíràn tó gbéra níbẹ̀, nígbà tí àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́nà. Màmá ká ìka rẹ̀, ó kà á lójú mi láti òní lọ. Ó ní, "Àkànjí, ìtàdógún náà nìyẹn."

Ó tọ̀nà. Òyìnbó kì í ka òní mọ́ ọn, àwa ń kà á. Nítorí náà 16 tiwọn ni 17 tiwa. Ọjọ́ ọjà rẹ̀ ni. Ní Ọjẹ́, ìtàdógún ìtàdógún ni àwọn aláṣọ òfì ń ná ọjà ńlá wọn, tí àwọn ahunṣọ ń kó ẹrù dé láti Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú mìíràn. Mo ti mọ èyí láti kékeré, n kò sì rò ó rí pé irú òǹkà bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ẹran ara mi.

Mo ní kí Màmá dúró ná, pé gbogbo ìrìn àtọ̀ kan gba ìtàdógún mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ó ní kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Aṣọ ńlá kan lè kọjá ọjà mẹ́rin kí ó tó tán. Bí ahunṣọ kan ṣe ń gbé èyí tó parí wá, ẹlòmíràn ń hun ààbọ̀, ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta òwú. Ó wá sọ ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní: "Ahunṣọ tó bá ṣàìsàn lónìí, ọjà òní kọ́ ni yóò ti hàn. Ọjà ẹ̀yìnwá ni àtẹ rẹ̀ máa ṣófo."

Kò tún sọ̀rọ̀ agbo mọ́.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n

Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ta ni ó wá fara balẹ̀ tó báyìí? Yves Clermont ni ọ̀kan nínú wọn, ní Yunifásítì McGill ní Montreal. Ó wo inú ihò náà lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi títí tó fi mọ̀ pé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣe ń tò létòletò ní ìpele, mẹ́fà lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ àkókò. Láti mọ àkókò, òun àti dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Carl Heller, fi abẹ́rẹ́ gún èròjà kan sí kóró ẹpọ̀n àwọn ọkùnrin kan. Èròjà náà ni sẹ́ẹ̀lì máa ń lò bí ó bá fẹ́ kọ DNA tuntun, wọ́n sì ti fi àmì ìtànṣán sí i lára. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń múra àtipín lọ́jọ́ náà yóò gbé àmì mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gé ẹran kékeré níbẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti wo ibi tí àmì ti rìn dé. Ní 1963 ni wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science: ọjọ́ 16.

N kò lè kọ orúkọ Heller kí n sì dúró síbẹ̀. Ní 1963 yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, tí àjọ ìjọba tó ń bójú tó agbára átọ́míìkì ń náwó sí. Wọ́n tan ìtànṣán sí ẹpọ̀n àwọn ẹlẹ́wọ̀n 67 láti mọ ìwọ̀n tó lè dá àtọ̀ dúró. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà fọwọ́ síwèé, wọ́n gba owó díẹ̀, wọ́n sì gbà pé wọn óò gé ọ̀nà àtọ̀ wọn nígbẹ̀yìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn irin, kí ni ìfọwọ́síwèé rẹ̀ tó? Ní 1995, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, Ààrẹ Clinton sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Nọ́ńbà tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ti ojú ọ̀nà kan náà wá. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi gbọ́ ìyẹn náà.

A ti rí ọ̀nà tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan ní California fún àwọn ọkùnrin ní omi tí háídrójìn rẹ̀ wúwo díẹ̀ mu, wọ́n sì dúró títí tó fi hàn nínú àtọ̀ wọn. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹran gígé. Ọjọ́ 64 ni ó jẹ́ bí a bá pín in dọ́gba, láti orí 42 lọ dé 76. Ọkùnrin sí ọkùnrin yàtọ̀, nítorí náà. Obìnrin láàbù yẹn mú èyí tó gùn, ó sì ṣe dáadáa.

Ọ̀bọ àti ìnàkí

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí ni ìnàkí ṣe ṣe. Ní ti bí ihò náà ṣe rí, òótọ́ ni: ògiri, sẹ́ẹ̀lì ìyá tó ṣú àti èyí tó mọ́, ìrìn lọ sí àárín. Ọjọ́ ọjà ni kò papọ̀. Ọ̀bọ rhesus ti ilẹ̀ Íńdíà ń ná tirẹ̀ ní bíi ọjọ́ mẹ́wàá àbọ̀, gbogbo ìrìn rẹ̀ kò sì pé ọjọ́ 50. Ìnàkí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee ń ná tirẹ̀ ní ọjọ́ 14. Tiwa ni 16.

Chimpanzee ni ó yà mí lẹ́nu jù. Abo wọn máa ń gba akọ púpọ̀ ní àsìkò kan, tí àtọ̀ àwọn akọ wọ̀nyí yóò máa bá ara wọn du ẹyin. Ẹ ò rí i pé bí ìkánjú bá wúlò fún ẹ̀dá kan, òun ni. Kóró ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì tó gíráàmù 120, nígbà tí tiwa jẹ́ nǹkan bí 40. Gòrílà tí ó tóbi jù wá lọ fíìfíì kò ju nǹkan bí 30 lọ, nítorí akọ kan ni ó sábà máa ń ni agbo abo rẹ̀. Bí chimpanzee ṣe ń du eré tó, ọjọ́ méjì péré ni ìtàdógún rẹ̀ fi yá ju tiwa. Oko ni ó fẹ̀.

Ta wá ni ó di aago yìí mú? Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, tàbí ọpọlọ tó ń rán oje ara níṣẹ́. Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan, Luiz França, Ralph Brinster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jábọ̀ ohun kan tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì ìyá láti ara eku ńlá tí òyìnbó ń pè ní rat, tí ọjọ́ ọjà rẹ̀ jẹ́ 12.9, wọ́n gbìn ín sínú kóró ẹpọ̀n eku kékeré, tí tirẹ̀ jẹ́ 8.6. Ilé tuntun, ẹ̀jẹ̀ tuntun, olùtọ́jú tuntun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà hù níbẹ̀, wọ́n sì ń ka ọjọ́ 12.9 lọ ní tiwọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílé tó ń ka 8.6. Sẹ́ẹ̀lì náà ni ó gbé aago wá láti ilé.

Nígbà tí mo ka èyí, nǹkan kan tú nínú mi. Mo ti ń bá ara mi jà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bí ẹni pé ara mi ń ṣe oríkunkun. Kò ṣe oríkunkun. Ó ń ka ọjọ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n kà kí a tó bí bàbá mi.

Òǹkà náà kì í sì í dúró. Láàárín ọdún kan, bíi ìgbà 23 ni sẹ́ẹ̀lì ìyá ń da DNA rẹ̀ kọ, àdàkọ kì í sì í lọ láìsí àṣìṣe kékeré. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Iceland ka DNA bàbá, ìyá àti ọmọ nínú àwọn ìdílé 78, wọ́n rí i pé bí ọdún kan bá ti gorí ọjọ́ orí bàbá, nǹkan bí àyípadà tuntun méjì ni ó ń kún èyí tí ọmọ rẹ̀ yóò gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ni a máa ń bá sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, bí ẹni pé òun nìkan ni ọjọ́ ń gorí.

Oṣù kẹwàá

Ọjọ́ kẹjọ kọjá. Mo dúró dé ọjọ́ kejìlélógún kí n tó lọ, nítorí ẹ̀rù bà mí. Obìnrin kan náà ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mílíọ̀nù 38. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n kí ìyàwó mi dáadáa, pé ìyàwó mi gan-an ni ó ṣe àyẹ̀wò náà.

A kò tíì rí ohun tí a ń wá, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìtàn ọmọ ni mo ń sọ. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń gbọ́únjẹ. Mo gbé fáìlì náà kalẹ̀ lórí tábìlì, mo ka ìwé inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ọjọ́ tó wà lórí wọn àti ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Ó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀. Mo yọ tèmi méjèèjì nínú àpò, èyí tó ní 74 lẹ́yìn àti èyí tuntun, mo tò wọ́n sórí tirẹ̀, mo pa fáìlì náà dé.